Kí ẹ tó gba owó ìdánwò oògùn, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ wa ní London tí wọ́n ń gbowó kí wọ́n lè dán oògùn tuntun wò lára wọn. Inú mi dùn pé ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí abẹ́lẹ̀ là ń sọ ọ́ láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n ojú méjì péré ni àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fi wò ó. Àwọn kan ní òyìnbó ń fi àwa ènìyàn dúdú ṣe eku ìdánwò, kí gbogbo ọmọ Yorùbá sá. Àwọn kejì ní owó ọ̀fẹ́ ni, pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Èyí tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn yìí ló mú mi gbé kálàmù. Oògùn ìdánwò ti pa ènìyàn rí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ní ọsibítù kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń gbé London mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, Peckham ni mò ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan nílùú yìí tí wọ́n ti ń fún àwọn tí ara wọn le koko ní oògùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí láyé. Iṣẹ́ òru ni mo ṣe jù níbẹ̀. Mo máa ń jí wọn láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn ní wákàtí tí ìwé bá sọ, ìbáà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Mo máa ń wọn ìtọ̀ wọn, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ mi síbẹ̀. Àwọn tí mo tọ́jú ṣì ń bẹ láyé, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun mọ ẹni tí mò ń sọ.

Kí oògùn kan tó dé kẹ́míìsì, wọ́n á ti dán an wò nínú ìgò, lára eku, lára ajá tàbí ọ̀bọ, kó tó wá kan ènìyàn. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ kan ènìyàn yìí ni wọ́n ń pè ní ìpele àkọ́kọ́. Bóyá oògùn náà ń woni sàn kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà láìsí ewu, bó ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀ àti bó ṣe ń jáde. Yàtọ̀ sí oògùn jẹjẹrẹ, tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn tí àrùn náà ń bá jà, àwọn tí nǹkan kan kò ṣe ni wọ́n ń lò. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kò ní rí ìwòsàn kankan gbà níbẹ̀, owó àsìkò rẹ̀ àti ìnira rẹ̀ nìkan ni. Nítorí náà, ọrùn àwọn tó ń fún un ní oògùn ni ẹrù ààbò wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọsibítù Northwick Park, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn London. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2006, ọkùnrin mẹ́jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ Parexel ń lò nínú ọgbà ọsibítù náà. Ọmọ ọdún 19 sí 34 ni wọ́n. Oògùn tí wọ́n fẹ́ fún wọn ń jẹ́ TGN1412. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì, TeGenero, ló ṣe é, wọ́n sì ń retí pé yóò wúlò fún àwọn tí làkúrègbé tó le ń yọ lẹ́nu àti àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Pọ́n-ùn 2,000 ni wọ́n ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà gba oògùn, àwọn méjì gba omi lásán tí kò ní oògùn nínú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fi oògùn sí iṣan ẹni àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ó kan ẹnì kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ó kan ẹnì kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí tó fi kárí. Kò sí àyè rárá láti mọ ohun tí oògùn náà ń ṣe lára ẹni àkọ́kọ́ kí wọ́n tó dé bẹ́ẹ̀dì ẹni tó tẹ̀lé e. Láàárín wákàtí kan ààbọ̀, orí ń fọ́ wọn, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n ń bì, ibà gbé wọn dè, ìfúnpá wọn já wálẹ̀. Kí wákàtí 16 tó pé, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu ikú: ẹ̀dọ̀fóró ń kọṣẹ́, kíndìnrín ń kọṣẹ́. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe Northwick Park ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà lórí wọn, kò sì sí èyí tó kú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn pàdánù àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti apá kan lára ìka ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti fún ọ̀bọ ní oògùn yìí ṣáájú. Ìwọ̀n tí wọ́n fún ọ̀bọ fi ìlọ́po 500 ju èyí tí wọ́n fún àwọn ọkùnrin náà lọ, ọ̀bọ kò sì fi hàn pé nǹkan kan ṣe òun. Lójú ẹni tó bá ń ṣírò lórí ìwé, ààbò ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, ni oògùn náà ń pè dìde. Ojúlé kan wà lára wọn tó ń jẹ́ CD28, ibẹ̀ ló ń kàn. Lára àwọn sójà wa kan tí wọ́n ti bá àrùn jà rí, ojúlé yìí wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Irú sójà kan náà lára ọ̀bọ tí wọ́n lò kò ní in. Ọ̀bọ kò gbọ́ ìpè yẹn. Sójà ara ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kọjú ìjà sí ara tó ni wọ́n.

Ìjọba Britain gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Duff ni alága. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti gbé àbá 22 jáde. Méjì nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí òǹkàwé yín dì mú. Èkíní ni pé fún oògùn tó léwu báyìí, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí ìwọ̀n tó pọ̀ jù lọ tí ẹranko lè gbà láìfarapa. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ara ènìyàn lè mọ̀ lára. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lọ́jọ́ kìíní tó láti gba bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ojúlé CD28 tó wà lára wọn. Èkejì ni pé kí wọ́n fún ẹnì kan, kí wọ́n dúró, kí wọ́n wò ó dáadáa, kó tó kan ẹlòmíràn. Lójú tèmi, èkejì yìí ṣe pàtàkì ju èkíní lọ. Onímọ̀ lè ṣi ìṣirò ṣe, ọ̀bọ lè tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ sì dúró, ẹnì kan ṣoṣo ni àṣìṣe náà lè dé bá, gbogbo dókítà wọ́ọ̀dù á sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀rí wà fún ohun tí mò ń sọ yìí. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n tún dán oògùn kan náà wò ní Rọ́ṣíà, wọ́n ti ń pè é ní TAB08. Ẹni 30 tí ara wọn le ló wà nínú ìdánwò náà. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n ti London ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń rọra gbé e sókè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Northwick Park kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan nínú wọn. Oògùn kan náà ni o. Ọwọ́ tí wọ́n fi mú un ló yàtọ̀.

Ẹni tí mo ní oògùn ìdánwò pa, ìlú Rennes ní Faransé ló kú sí, ní oṣù Kìíní ọdún 2016. Ilé-iṣẹ́ Biotrial ló ń ṣe ìdánwò náà fún Bial ti Portugal, BIA 10-2474 sì ni orúkọ oògùn náà. Ó lé ní 80 ènìyàn tó ti lò ó ṣáájú láìsí ìjàǹbá ńlá, bóyá ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn fi balẹ̀. Ẹgbẹ́ tó kàn ń gba mílígíráàmù 50 lójoojúmọ́. Àwọn mẹ́fà gba oògùn gidi, àwọn méjì gba èyí tí kò ní nǹkan nínú. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10, lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún, ara ọkùnrin kan kọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, wọ́n tún fún àwọn márùn-ún yòókù ní oògùn. Wọn kò kọ́kọ́ bi ọsibítù pé báwo ni ara ọkùnrin yẹn. Wọn kò sọ fún àwọn márùn-ún náà pé ẹnì kejì wọn ti dèrò ọsibítù, kí wọ́n lè pinnu bóyá àwọn ṣì fẹ́ gbé e mì. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 17. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún ló ṣàìsàn, ọpọlọ ni oògùn náà bá jà.

Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀dì kan bá ṣófo nítorí àìsàn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù oògùn títí dókítà àgbà yóò fi dé, tí yóò fi gbọ́ gbogbo bó ṣe jẹ́, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé. Àwa nọ́ọ̀sì òru la máa ń rí i kọ́kọ́, àwa náà la sì gbọ́dọ̀ ní ẹnu láti sọ pé "ẹ dúró". Ní ọdún 2017 àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù tún ìlànà rẹ̀ ṣe nítorí ọ̀rọ̀ Rennes. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ dán oògùn wò ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún gbólóhùn tó wà nínú ìròyìn yín ṣe, èyí tó ní kò sẹ́ni tó kú rí. Ọkùnrin yẹn ní ẹbí.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni kọjá bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2015 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer ṣe fún àwọn tí ara wọn le, ó lé ní ẹni 11,000 tó kópa. Àwọn tí nǹkan ńlá ṣe nínú wọn jẹ́ 34, kò sì sẹ́ni tó kú. Èmi náà rí i lójú ara mi: orí fífọ́, èébì, ara yíyún, àìrí oorun sùn nítorí pé mò ń jí wọn, ìyẹn ló pọ̀ jù. Àwọn mìíràn máa ń sọ pé oúnjẹ wa kò níyọ̀, òótọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí àwa fúnra wa ń gbé wọlé, mi ò rí i nínú ìròyìn yín. Lóru ọjọ́ kan, èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin kan dé, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí ti fò sókè. Ìwé ìlànà ti sọ ọ́ ṣáájú pé bí ó bá kọjá ibì kan, kí gbogbo nǹkan dúró, dókítà sì dá a dúró. Inú bí àwọn tó ń retí tiwọn ní òwúrọ̀, torí owó wọn ń falẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá pé òun ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun láti ilé, títí di alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí òun wọlé. Fọ́ọ̀mù ti bi í ní ìbéèrè yìí gan-an, "rárá" ló fi dáhùn. Ó ní òun kò ka àgbo sí oògùn, pé omi egbò ni. Mi ò bá a jà. Ìyá tèmi náà kì í ka àgbo sí oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dá sílẹ̀: bí àgbo àti oògùn tuntun bá jọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n lè torí ẹ̀ ju oògùn tó dára nù. Wọ́n sì lè sọ pé àgbo ló fà á, kí wọ́n lọ fún ẹlòmíràn ní ohun tó máa pa á.

Bákan náà ni ti àwọn tó ń ti inú ìdánwò kan bọ́ sínú òmíràn. Àkọsílẹ̀ kan wà ní Britain tí wọ́n ń pè ní TOPS, tí àwọn wọ́ọ̀dù yìí fi ń mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn ìdánwò níbòmíràn. Àwọn ọmọ wa kan rò pé ọlọ́pàá ni, wọ́n ń wá ọ̀nà àtifi nọ́ńbà ìdánimọ̀ mìíràn wọlé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ara wọn ni àkọsílẹ̀ náà ń ṣọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ eku ìdánwò, mo mọ ibi tí ó ti ń dun àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa ọmọ ní Kano, Pfizer fún ọmọ 100 ní oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan, wọ́n fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá kú, márùn-ún lára àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà lára àwọn yòókù. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn sọ. Wọ́n fà á dé kóòtù, ní ọdún 2009 Pfizer gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 75 láti fi yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kano. Ìdánwò ti Kano yàtọ̀ sí ìpele àkọ́kọ́ tí mò ń sọ, torí ọmọ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá tí wọn kò ṣàlàyé fún kò ní bi mí ní ìpele wo ló jẹ́. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà tirẹ̀ lórí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera. Ẹni tó bá fẹ́ dán oògùn wò nílé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò àti lọ́wọ́ NAFDAC.

Síbẹ̀, mi ò lè bá àwọn tó ní kí gbogbo wa sá ṣe ohùn kan. Ìlú mi mọ ibà Lassa. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí agboolé tí kò lè sọ ẹni tó mọ̀ tí ó mú. Ní ọdún 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán àjẹsára Lassa kan wò ní Abuja. Ìpele kejì ni ti Abuja. Àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Làìbéríà ti kọ́kọ́ na apá wọn sílẹ̀ fún ìpele àkọ́kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí àwa bá sọ pé ara tiwa kò yẹ fún un, a jẹ́ pé ara ọmọ ẹlòmíràn là ń retí.

Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni, mú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n lọ?" Mo ní n kò lè sọ lọ tàbí má lọ fún un. A jọ jókòó kà á. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni mélòó ni wọ́n máa fún lọ́jọ́ kìíní, àti wákàtí mélòó ni wọ́n máa dúró kó tó kan àwọn tó kù. Ó rí i: ẹni méjì lọ́jọ́ kìíní, ọ̀kan nínú wọn kò ní gba oògùn gidi, kò sì sí ẹlòmíràn títí di ọjọ́ kejì. Ìyẹn dára. Mo ní kó wò ó bóyá ènìyàn ti lò ó rí, tàbí òun ló máa kọ́kọ́ lò ó. Kó wo ohun tó máa mú kí wọ́n dáwọ́ dúró, àti bóyá wọ́n á sọ fún un bí nǹkan bá ṣe ẹlòmíràn. Kó béèrè bí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó. Kó mọ̀ pé ó lè dìde kó máa lọ sílé nígbàkigbà láì sọ ìdí. Mo sì sọ fún un pé bí ó bá rí ibi tí wọ́n ti ń fi owó kún owó nítorí pé oògùn náà léwu, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ewu kò gbọ́dọ̀ ní iye lórí.

Ibi tí a kò ti rí ojútùú ni ti adójútòfò. Fọ́ọ̀mù náà ní wọ́n á san owó gbà-máà-bínú bí ó bá farapa, kò sọ ẹni tí yóò san án. Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré, torí kí oṣù Keje ọdún 2006 tó parí, TeGenero ti kógbá sílé, àwọn ọkùnrin Northwick Park sì ṣì ń wá ẹni tí yóò dá wọn lóhùn. Ọmọ náà ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ìdánwò láti béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò wọn àti iye tí wọ́n fi dúró. Kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ òǹkàwé yín kankan ní London, kó mú un lọ sọ́dọ̀ GP rẹ̀, ìyẹn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ládùúgbò, kó sì ka gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò fún un kó tó mú bírò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì ọmọ Ọ̀wọ̀,
Peckham, London.